Bí Mo Ṣe Wá Àwọn Tó Ti Gbé Abúlé Wa Rí ní Dorset

Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ìdílé mi ti ń gbé ní abúlé kékeré kan nítòsí Blandford, ní ẹkùn Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé wa jẹ́ ọ̀kan nínú ilé mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láyé àtijọ́. Ìyá àgbà kan wà ní ojúlé kẹta sí wa, ẹni ọdún 88, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Màmá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé inú ọ̀kan nínú ilé mẹ́sàn-án yìí ni wọ́n bí ìyá ìyá òun sí, ṣùgbọ́n òun kò mọ èyí tí í ṣe, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́kù láyé tí òun lè bi. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, nítorí pé níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá dàgbà tó Màmá ni gbogbo agbo ilé máa ń sá tọ̀ lọ fún ìtàn. Mo ṣèlérí fún un pé n ó wá ilé náà. Oṣù mẹ́jọ ni ó gbà mí, nígbà tí n ó sì fi parí rẹ̀, ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi ti kọjá ti ilé kan.

Ẹnu alààyè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti Màmá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tẹ̀léra, mo ń kọ orúkọ, mo ń kọ ẹni tó fẹ́ ẹni, mo sì ń kọ ohun tí kò dá a lójú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀. Nínú Bíbélì ńlá tí ó jogún, ojú ewé kan wà tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ilé sí. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ọdún 1879 ni wọ́n bí ìyá àgbà náà, tí a sì rí orúkọ ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ẹ má fi orúkọ ilé bàbá obìnrin ṣeré, torí pé bí obìnrin bá ti gbé orúkọ ọkọ wọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì ìtàn rẹ̀ ti wọ òkùnkùn nìyẹn. Atọ́ka ìbí tí General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ níbí, nítorí ó ń fi orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ hàn láti ọdún 1837 tí ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wò ó.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí itẹ́ òkú tó yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nígbà tí oòrùn ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ tan sí òkúta, nítorí ìgbà náà ni lẹ́tà tó ti ń pa rẹ́ máa ń yọjú. Mi ò fi búrọ́ọ̀ṣì ha ohunkóhun, torí pé òkúta tó ti gbó máa ń ṣí bí èèpo igi. Ti àwọn olóko ńlá, ti àlùfáà, ti ọlọ́tí àti ti alágbẹ̀dẹ ni mo rí kà. Àwọn alágbàṣe oko tó gbé ilé mẹ́sàn-án wa kò ní òkúta, nítorí owó ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Mo rò nígbà náà pé ibẹ̀ ni ìtàn wọn máa dúró sí. Mo ṣì í rò pátápátá.

Ìwé ìkànìyàn ni mo wá dojú kọ. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ka èèyàn láti 1801, ṣùgbọ́n ti 1841 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ olúkúlùkù tí a sì tọ́jú ìwé rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ayé, nítorí náà ti 1921, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ni ó sún mọ́ wa jù. Ti 1931 jóná ní 1942, wọn kò sì ka èèyàn rárá ní 1941 nítorí ogun. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba máa ń jẹ́ kí èèyàn wo ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, mo ń padà sẹ́yìn, n kò fo ọdún kankan.

Ti 1911 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Òun ni àkọ́kọ́ tí a tọ́jú ìwé tí baálé kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tọkọtaya iye ọmọ tí wọ́n bí, iye tó wà láàyè àti iye tó ti kú. Nínú ilé tí èmi ń sùn sí lónìí, ẹnì kan ti fi kálàmù kọ 9, lẹ́yìn rẹ̀ 6, lẹ́yìn rẹ̀ 3. Ọwọ́ tó kọ ọ́ wúwo, yíǹkì ti dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 3 yẹn.

Ìṣòro tó wà nínú ìkànìyàn abúlé ni pé ilé kì í ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó wà lápá òsì ìwé jẹ́ ti fọ́ọ̀mù, ó sì ń yí padà ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ́kọ́ wá àwọn ilé tí kò ṣípò: ilé àlùfáà, ilé ọtí àti ilé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo wo ibi tí akọ̀wé tó ń ka èèyàn gbà wọlé sí abúlé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, mo wá ń ka iye ìdílé tó wà láàárín ilé ọtí àti ilé ìsọ̀ náà. Ní 1861, 1871, 1881 àti 1891, mẹ́sàn-án ni ó ń jẹ́, kò yẹ̀. Báyìí ni mo ṣe rí ìyá ìyá Màmá nínú ìwé ọdún 1881, ọmọ ọdún méjì, ní ilé kẹrin sí ilé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bàbá rẹ̀, alágbàṣe oko.

Ìlérí mi ti ṣẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ni ó béèrè pé ta ni ó ti gbé ilé náà ṣáájú. Mo padà lọ sí 1851, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ìjọ (ìyẹn parish, àgbègbè tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan) tí wọ́n ti bí èèyàn àti bí ó ṣe tan mọ́ baálé ilé. (Ti 1841 kò kọ ìyẹn, wọ́n sì ní kí akọ̀wé rẹ ọjọ́ orí ẹni tó bá ti ju ọdún 15 lọ sílẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, débi pé ẹni ọdún 39 a di ẹni 35.) Níwájú orúkọ àwọn obìnrin ilé kẹrin, àti ti ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé ní ọdún 1851 náà, iṣẹ́ tí wọ́n kọ ni bọ́tìnnì ṣíṣe. Òrùka wáyà kékeré ni wọ́n ń fi òwú dì yípo, tí wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ hun àárín rẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́. Dorset ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ọdún 1851 yẹn gan-an ni John Ashton gbé ẹ̀rọ bọ́tìnnì rẹ̀ kalẹ̀ níbi Ìpàtẹ Ńlá tó wáyé ní London, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ náà fi bàjẹ́. Nínú ìwé ọdún 1861 tí mo ṣí, kò ku ẹyọ oníbọ́tìnnì kan ní abúlé wa, ìdílé mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án sì ti kó lọ. Màmá lọ sí yàrá rẹ̀, ó mú ẹ̀wù ìrìbọmi kan jáde tí bọ́tìnnì mẹ́rin irú rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé inú ilé kẹrin ni wọ́n ti ṣe irú wọn.

Ìwé ìjọ ni mo gbé tẹ̀ lé e. Ọdún 1538 ni Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ àgbà Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ti Dorset wà ní Dorset History Centre ní ìlú Dorchester, níbi tí wọn kò ti ń jẹ́ kí èèyàn mú bírò wọlé, pẹ́ńsùlù nìkan. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dà bí ẹ̀sùn sí ìdílé alágbẹ̀dẹ: wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹrin ọdún 1723, wọ́n sì ri ọmọ bọmi ní oṣù Kejì ọdún 1723. Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Kí ó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà oṣù Kejì ọdún 1723 wá lẹ́yìn oṣù Kẹrin rẹ̀.

Àṣìṣe tèmi ju ìyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí mo dà kọ láti inú ìtàn ìdílé tí ẹlòmíràn gbé sí ìkànnì kan, láì wo ìwé ìsìnkú. Ọmọ náà ti kú ní ọmọ oṣù mẹ́rin. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún méjì ni wọ́n tún fún ní orúkọ kan náà. Àwa ìbá sọ ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, kí orúkọ fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn tún orúkọ òkú gbé dìde. Láti ìgbà náà, n kì í gba ìrìbọmi kankan gbọ́ títí n ó fi wo ìsìnkú ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e.

Ìwé tó wá yí èrò mi padà ni ti àwọn alábòójútó aláìní, àwọn tó ń bójú tó ìrànwọ́ fún tálákà nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan. Láti 1662, òfin sọ pé ìjọ tí tálákà ti ní ẹ̀tọ́ ìbùgbé ni yóò máa bọ́ ọ, nítorí náà kò sí ìjọ tó fẹ́ bọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ìṣẹ́ bá mú èèyàn, adájọ́ méjì á mú un búra, wọ́n á bi í ní ibi tí wọ́n ti bí i, ẹni tí ó ti bá ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti gbà á fún odidi ọdún kan, iye owó ọ̀yà rẹ̀, ìgbà tí ó gbéyàwó. Akọ̀wé á kọ gbogbo rẹ̀. Èyí ni pé olóko ńlá tó ní òkúta fi orúkọ àti ọjọ́ méjì sílẹ̀, ẹni tí kò ní nǹkan kan sì fi odidi ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ìtìjú tí wọ́n fi kàn án ni ó pa ohùn rẹ̀ mọ́.

Ìwé kan báyìí ti ọdún 1798 wà níbẹ̀, ojú ewé kan péré. Opó kan ni, pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì. Ó sọ pé òun kò gbé abúlé wa rí, ṣùgbọ́n ọkọ òun tó ti kú ti bá àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan pípé kí ó tó fẹ́ òun. Iṣẹ́ ọdún kan pípé yẹn ni ó fún ọkọ ní ẹ̀tọ́ ìbùgbé, ẹ̀tọ́ ọkọ sì ni ẹ̀tọ́ aya lójú òfin, nítorí náà abúlé tí kò mọ ẹnì kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀wé kọ. Àmì X ni ó fi sísàlẹ̀, ìlà rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ó sì tẹ kálàmù náà mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ojú rẹ̀ lẹ́yìn ìwé.

Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni orúkọ tó wà nínú Bíbélì Màmá. Àwòrán ilẹ̀ ìdámẹ́wàá, tí wọ́n yà lẹ́yìn òfin ọdún 1836 láti fi ṣètò owó ìdámẹ́wàá orí ilẹ̀, ni ó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ fún mi, torí pé gbogbo ilé àti pápá orí rẹ̀ ní nọ́ńbà, ìwé tó bá a rìn sì ń sọ ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ilé kẹrin sí ilé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, tí ó jẹ́ ti olóko ńlá kan, ọ̀kan nínú ọmọkùnrin méjì opó náà ni ó ń gbé e. Ìwé ìrìbọmi mú mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 1879 náà ní ìran mẹ́ta.

Mo gbé ẹ̀dà ìwé náà lọ fún Màmá lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ opó náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó béèrè orúkọ abúlé tí wọ́n ti lé e wá, ó ṣí Bíbélì sí ojú ewé àwọn ìbí, ó sì ní kí n kọ ọ́ sókè pátápátá, níbi tí àyè ṣẹ́kù sí, pẹ̀lú orúkọ obìnrin náà àti ọdún 1798.