Bí Mo Ṣe Fi Ohùn Mi Sínú Ẹ̀rọ Atọ́nà Ọkọ̀ Ìyá Mi

Ìyá mi kì í bá ẹ̀rọ atọ́nà jà, ó kàn máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí nínú ọkọ̀ ni. Obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn á máa sọ òyìnbó rẹ̀ lọ, ìyá mi á sì máa wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ. Kó tó túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ sí Yorùbá lọ́kàn ara rẹ̀, ìyànà ti wà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kọjá ìyànà mẹ́ta tó yẹ kó yà, mo sọ fún un pé màá kọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá. Ó ní, "Ìwọ? Tó o bá kọ́ ọ tán, kó máa kí mi láàárọ̀ o."

Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń gba ohùn ẹni. TomTom GO 720 tó jáde ní 2007 gbà kí èèyàn ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Garmin ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Voice Studio fún irú iṣẹ́ yìí. Lórí fóònù, Waze fi àyè ìgbohùnsílẹ̀ sínú áàpù wọn ní 2017. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ìyá mi kò sí nínú wọn. Tirẹ̀ ni pé kí èèyàn ṣe fáìlì ohùn lórí kọ̀ǹpútà, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀, kó wá kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan lórí mẹ́mọ́rì káàdì. Fáìlì 59 ni wọ́n ń béèrè.

Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó wọnú ẹ̀ yìí: ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò lè pe orúkọ òpópónà. Ohun tó bá wà nínú fáìlì nìkan ló lè sọ. Àwọn ohùn tí kọ̀ǹpútà ń hun fúnra rẹ̀ látinú ọ̀rọ̀ kíkọ ló lè ka orúkọ. Ìyẹn ò dun ìyá mi rárá. Nínú gbogbo orúkọ tí òyìnbó yẹn ń pè tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó dá mọ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan máìkì. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn dùn ún kà. Èyí wà níbẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ti rin igba mítà sí i, kí ẹ yà sí apá ọwọ́ òsì yín." Mo kà á sókè, mo fi aago wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ọkọ̀ tó bá ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé tí n bá fi máa sọ "yín" tán, mítà 150 ti lọ nínú igba tí mo ní ó kù. Mo fa ìwé náà ya. "Ó ku igba mítà, ẹ yà sọ́wọ́ òsì" ni mo fi rọ́pò rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbólóhùn ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Èérún gbólóhùn ló ń fẹ́. "Ó ku" wà nínú fáìlì tirẹ̀, "igba" nínú tirẹ̀, "mítà" nínú tirẹ̀, "ẹ yà sọ́wọ́ òsì" nínú tirẹ̀, òun á wá máa so wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú, bí ẹní ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó to fáìlì wọ̀nyẹn kò ro Yorùbá mọ́ ọn. Ó ti pinnu pé nọ́ḿbà ló máa ń ṣáájú, kí mítà tàbí kìlómítà tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ igba mítà, irinwó mítà, ẹgbẹ̀rin mítà, ó bá wa mu, nítorí bí a ṣe ń pè é náà nìyẹn. Àmọ́ tó bá di kìlómítà, ọ̀rọ̀ yí: "méjì kìlómítà", "mẹ́ta kìlómítà". Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Kìlómítà méjì là ń wí.

Ó tó ọjọ́ méjì tí mo fi ń ro ibẹ̀ yẹn. Nígbà tó yá ni mo wo ìwé àlàyé ẹ̀rọ dáadáa, mo rí i pé nọ́ḿbà kéékèèké, láti 1 títí dé 9, kìlómítà nìkan ni wọ́n ń lò ó fún. Mítà kò ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, láti 50 lọ sókè ni tirẹ̀. Nítorí náà mo gba "kìlómítà méjì" lódidi sínú fáìlì tó yẹ kó jẹ́ "2" nìkan, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù, mo wá sọ fáìlì "kìlómítà" di òfìfo. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìdákẹ́jẹ́ kékeré lọ. Ẹ̀rọ ṣì ń rò pé òun ń pe nọ́ḿbà kí òun tó pe kìlómítà. Kò mọ̀ pé a ti fi òfìfo tàn án jẹ.

"Lẹ́yìn náà" náà fún mi níṣẹ́ díẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ fi ń so ìyànà méjì tó súnmọ́ra pọ̀. "Kẹ́ ẹ wá" ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, ó sì dùn létí, títí mo fi gbọ́ bó ṣe so ó: "Ẹ yà sọ́wọ́ òsì, kẹ́ ẹ wá ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Mo dá "lẹ́yìn náà" padà.

Láàárín ọ̀rọ̀ yòókù, ráńdábáòtù jẹ́ ráńdábáòtù, n kò wá orúkọ míì fún un: "Ní ráńdábáòtù, ẹ gba ọ̀nà kejì." Márosẹ̀ náà ti mọ́ gbogbo èèyàn lára. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ pé kí awakọ̀ yíjú ọkọ̀ padà. Mo gba "Ẹ yí padà" sílẹ̀, mo tún fi ohùn tó nípọn díẹ̀ sọ ọ́ kó lè wọni lára. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fún ìyá mi, ó wò mí sùn-ún: "Ṣé o ti di oníwàásù ni?" Lóòótọ́, ìlù àti agogo ló kù. "Ẹ ṣẹ́rí padà" ni mo fi sí i. Fún ìgbà tí a bá dé, mo kọ "Ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ", mo wo gígùn rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo kọ "A dé o."

Ó wá ku gbígbà. Mo wọ inú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, mo ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo kọjú sí àwọn aṣọ tó so kọ́ nínú rẹ̀, nítorí aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kó ta padà láti ara ògiri. Fóònù ni mo fi gbà á. Mo tẹ àwọn tó ti parí fún ìyá mi, inú rẹ̀ ń dùn, títí tó fi gbọ́ èyí tó kàn. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

"Òṣì? Èmi kọ́ ló máa yà sí òṣì o!"

Etí mi kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí mo mọ ohun tí mo sọ. Nígbà tí mo wá dijú tí mo gbọ́ ọ bí àjèjì, òótọ́ ló sọ. Àléébù náà kò sí lẹ́nu mi, inú fóònù ló wà. Ìlànà tí mo fi gbohùn sílẹ̀ ń ka ohùn nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì iye yẹn, ìyẹn 4,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ni ohùn tó ga jù tó lè mú. Ọ̀pọ̀ nínú ariwo tó ń mú "s" jẹ́ "s" wà lókè ibẹ̀. Ó gé e dànù, ohun tó ṣẹ́ kù wá ń fara jọ "ṣ". Fún ẹni tí èdè rẹ̀ kò ya "s" sọ́tọ̀ kúrò lára "ṣ", kò já mọ́ nǹkan kan. Fún wa, ó ń júwe ọ̀nà òṣì fún ìyá ẹni. Mo yí i sí 44,100, mo tún gbogbo fáìlì gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sì jẹ́ kí "ọwọ́" máa wà níwájú òsì nígbà gbogbo, torí tí "s" bá tiẹ̀ tún dàrú, "ọwọ́" á ti sọ fún un pé ọwọ́ ni a ń wí.

Gbígbà kejì yìí náà kò tó mi lọ́rùn. Mo ti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí mo sì fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé ohùn tí wọ́n sì fi ń so ó, so wọ́n pọ̀ láti dán an wò, ó dà bíi pé èèyàn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ láti yàrá mẹ́ta. Ohùn Yorùbá máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gbólóhùn bá ṣe ń lọ sópin. Ẹni tó bá sọ "mítà" nìkan, á sọ ọ́ bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀. Mo wá yí ọwọ́ padà: mo ń sọ odidi gbólóhùn, mo ń pààrọ̀ nọ́ḿbà nìkan, mo wá ń gé èyí tí mo fẹ́ nínú rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu wa kì í dúró. "Ó ku igba" máa ń di "ó kugba", "ó ku irinwó" á di "ó kurinwó". Tí mo bá gé e láàárín, "i" ti lọ. Mo ní láti mí díẹ̀ lẹ́yìn "ku" nígbà gbogbo, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò wá.

Ọjọ́ tí a gbé e jáde, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìyànà àkọ́kọ́ lọ dáadáa: "Ó ku igba mítà, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Ó rẹ́rìn-ín. A dé ibi tó yẹ kó yà gan-an, níbi tí ẹ̀rọ kì í ti í ka mítà mọ́, àṣẹ nìkan ló máa ń pa. Ẹ̀rọ lanu, ó ní, "Yà sọ́wọ́ ọ̀tún!"

Ìyá mi yà. Ó rọra gbé ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó yíjú sí mi: "Ta lò ń pàṣẹ fún?"

Mo búra pé "ẹ" wà níbẹ̀. Mo tẹ fáìlì náà fún un lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí a délé, ó gbọ́ "ẹ" ketekete, ó ní inú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sípíkà ẹ̀rọ náà máa ń sùn tí kò bá sí ohùn. Tí ohùn bá dé, kó tó jí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Tí "ó ku" bá wà níwájú, "ó" ló máa ń gbé mì, kò sẹ́ni tó máa fura. Tí àṣẹ bá dá wá, "ẹ" ló ń gbé mì, ó sì sọ mí di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo fi ìdákẹ́jẹ́ tó tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá síwájú gbogbo fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ". Sípíkà á fi ìyẹn jí, kó tó kan ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá tẹ̀ lé "mítà", ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́ kọ́mà.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò rí ṣe tán ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀ta. Tí fèrèsé bá ṣí tí atẹ́gùn ń fẹ́, 500 àti 600 ò yàtọ̀ létí ìyá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni 700 àti 800. Mo gbìyànjú "ìdajì kìlómítà" fún 500, ẹ̀rọ fi mítà tì í lẹ́yìn, ó di "ìdajì kìlómítà mítà". Mo kàn fa "ẹ̀ẹ́dẹ́" gùn díẹ̀ ni. Ìyá mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun á dúró de igba.

Àbúrò mi ọkùnrin ya ọkọ̀ náà lò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pè mí láti ojú ọ̀nà pé ẹ̀rọ ń pe òun ní "ẹ", pé kí n ṣe èyí tó máa sọ "yà" fún òun nìkan. Mo ní kó yọ ìdákẹ́jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á bá a gbé "ẹ" mì.