Bí mo ṣe ka ìtọ́kasí sí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi láìka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì

Christian Happi jẹ́ onímọ̀ molecular biology, ọmọ Cameroon tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣe ìwádìí ní Harvard, tó sì di olùdarí ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àrùn tó ń ràn, ní Yunifásítì Redeemer's nílùú Ẹdẹ. Ohun méjì ni mo fẹ́ gbé jáde nípa iṣẹ́ rẹ̀: àtòjọ àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ nínú jọ́nà, àti iye ìgbà tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Nínú àpilẹ̀kọ ọdún 2003 lórí jíìnì pfcrt àti pfmdr1, tó ṣàlàyé bí kòkòrò ibà ṣe ń borí chloroquine lára àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà, "Happi TC" ni wọ́n kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó di "Happi CT". Ní ibòmíràn, "Happi C" lásán ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta nìyẹn. Ohun tí mo tẹ̀ sínú PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìyí ([au] ń tọ́ka sí òǹkọ̀wé, OR túmọ̀ sí "tàbí"): Happi CT[au] OR Happi TC[au] OR Happi C[au]. Ẹni tó bá tẹ Happi nìkan yóò kó iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn, torí olùwádìí mìíràn wà ní ACEGID kan náà tó ń jẹ́ Happi.

Tí àbájáde bá ti pọ̀, ọwọ́ ẹni á máa yá láti fi ibi iṣẹ́ sẹ́ ẹ, kí ó ku èyí tó ní Redeemer's tàbí Ibadan nínú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di nǹkan bí ọdún 2014, ibi iṣẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ nìkan ni PubMed ń kọ sílẹ̀. Bí òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ bá jẹ́ ará Boston, tí Happi wà ní ipò karùn-ún, Ìbàdàn ò ní hàn níbẹ̀ rárá. Orúkọ Redeemer's pàápàá kò dúró sójú kan: àwọn kan fi àmì (') tó wà nínú rẹ̀ sí i, àwọn kan yọ ọ́, àwọn kan kọ Ẹdẹ, àwọn kan kọ ìpínlẹ̀ Ògùn, torí ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà kó tó kó lọ sí Ọ̀ṣun. Ojú ni mo fi ṣà á. Bí kókó rẹ̀ bá jẹ́ ibà, Lassa, Ebola tàbí SARS-CoV-2, tí mo sì rí Sowunmi, Oduola, Gbotosho, Folarin tàbí Sabeti láàárín àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́, tirẹ̀ ni.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel, àpilẹ̀kọ kan sí ìlà kan. Àwọn òpó rẹ̀ ni DOI (àmì ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan), àkọlé, ọdún, jọ́nà, iye òǹkọ̀wé, ipò Happi, ìtọ́kasí ní Scopus, ìtọ́kasí ní Google Scholar (ibi méjì tó ń ka ìtọ́kasí), àti ọjọ́ tí mo kà á. Mo gé "https://doi.org/" kúrò níwájú DOI, mo sì sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, kí méjì tó jẹ́ ọ̀kan má baà fara hàn bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, DOI nìkan ò tó. Preprint, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí bioRxiv tàbí medRxiv kí jọ́nà tó gbà á, ní DOI tirẹ̀, tí jọ́nà ní tirẹ̀, àkọlé sì lè ti yí díẹ̀. Torí náà, mo tún to àkọlé bí ábídí ṣe tẹ̀lé ara wọn, mo sì kà á látòkè délẹ̀.

Google Scholar máa ń pọ̀ ju Scopus lọ, torí ó ń ka ìwé oyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àpilẹ̀kọ tí jọ́nà kò tíì gbà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbọdọ̀ wọ òpó kan náà.

h-index, tí Jorge Hirsch gbé jáde lọ́dún 2005, ni iye àpilẹ̀kọ tí ìtọ́kasí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó iye náà, ó kéré tán. Ìṣirò rẹ̀ kò le: to àpilẹ̀kọ láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù, kí o sì máa sọ̀kalẹ̀ títí ìtọ́kasí fi kéré sí ipò. Ká ní àpilẹ̀kọ márùn-ún ní ìtọ́kasí 40, 22, 9, 5 àti 4. Ẹ̀kẹrin ní 5, ó tó. Ẹ̀karùn-ún ní 4, kò tó. h-index jẹ́ 4. Bí 40 yẹn bá di 4,000, 4 náà ni yóò ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí Google Scholar bá ya preprint sọ́tọ̀, tó pín 40 sí 20 àti 20, ìlà náà di 22, 20, 20, 9, 5, 4. h-index ti di 5 láìsí iṣẹ́ tuntun kankan! Ìdí tí mo fi ń lépa àkọlé tó jọra nìyẹn.

Òpó ipò òǹkọ̀wé ló ṣàlàyé jù lójú mi. Àpilẹ̀kọ Ebola tó jáde nínú jọ́nà Science lọ́dún 2014 ka jíìnómù (gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì fáírọ́ọ̀sì) 99 láti ara aláìsàn 78 ní Sierra Leone. Òǹkọ̀wé rẹ̀ lé ní 50, "Christian Happi" sì wà lápá ìparí, láìsí T. Ẹni tó wá CT nìkan á pàdánù rẹ̀. Márùn-ún nínú àwọn òǹkọ̀wé yẹn ni Ebola pa kí ó tó jáde, Dókítà Sheik Humarr Khan ti Kenema wà lára wọn; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ orúkọ òkú kúrò nínú àtòjọ. Ìtọ́kasí kan sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wọ àkáǹtì gbogbo wọn pátá. Mo wá ṣe àpapọ̀ méjì: ti gbogbo àpilẹ̀kọ, àti ti èyí tí Happi jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn, nítorí nínú ẹ̀ka yìí, ẹni àkọ́kọ́ ló sábà ń ṣe iṣẹ́ láàbù, olórí láàbù ló ń gbẹ̀yìn.

Ìtọ́kasí kì í wọn bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó. Àpilẹ̀kọ Oliver Lowry ti 1951, lórí bí a ṣe ń wọn protein, ni wọ́n tọ́ka sí jù nígbà tí jọ́nà Nature ṣe àkójọ àpilẹ̀kọ 100 tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ́dún 2014. Ti Watson àti Crick lórí DNA ò sí níbẹ̀. Báyìí náà ni pẹ̀lú Happi. Láàbù rẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí Ebola tó wọ Èkó múlẹ̀ ní oṣù Keje 2014. Ní oṣù Kẹta 2020, ACEGID ka jíìnómù SARS-CoV-2 àkọ́kọ́ tó jáde láti Áfíríkà, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé láìdúró de jọ́nà. Àwọn tó lo irú dátà bẹ́ẹ̀ láti GISAID, àkójọ jíìnómù fáírọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ láàbù nínú tábìlì ìdúpẹ́, ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí kì í sì í wo ibẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kejì nínú Excel fún àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí: ọjọ́, fáírọ́ọ̀sì, ibi tí dátà wà, àti nọ́ńbà GISAID tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EPI_ISL, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè fi wá a kàn.