Ẹ ya búlọ́ọ̀gù sọ́tọ̀, ẹ ya wiki sọ́tọ̀
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi gbogbo ọ̀rọ̀ kíláàsì sórí WhatsApp nìkan, nítorí iṣẹ́ àmúrelé tí a fi ránṣẹ́ láàárọ̀ máa ń rì sábẹ́ àwàdà kí ilẹ̀ tó ṣú. Búlọ́ọ̀gù, ìyẹn ojú òpó ìkọ̀wé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló yẹ fún ìkéde, torí pé olùkọ́ nìkan ló ń kọ ọ́, déètì sì wà lórí ohun gbogbo. Wiki, ìyẹn ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ kọ kí wọ́n sì jọ tún ṣe, irú èyí tí Ward Cunningham, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1995, ló yẹ fún àkọsílẹ̀ tí gbogbo kíláàsì jọ ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ojú ìwé ìtàn àtúnṣe: lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ọmọ kan ṣèèṣì pa gbogbo àkọsílẹ̀ wa nípa Òkè Ìdànrè rẹ́, mo ṣí ìtàn náà, mo rí aago tí ó ṣẹlẹ̀, mo tẹ ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀, ohun gbogbo sì padà bọ̀ sípò. Ní ti àwọn ọmọ tí kò ní fóònù (wọ́n pọ̀ ju bí a ti rò lọ), ẹ tẹ ìkéde àti àkọsílẹ̀ wọ̀nyí sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì láràárọ̀ ọjọ́ Ajé.