Bí A Ṣe Ń Sọ Farfetch'd ti Galar Di Sirfetch'd

Òwe kan wà ní ilẹ̀ Japan tó sọ pé pẹ́pẹ́yẹ ru àlùbọ́sà eléwé wá. Ẹ fojú inú wò ó ná: ẹran ọbẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọlọ́bẹ̀, ó sì tún gbé èlò ọbẹ̀ lọ́wọ́. Kí ló kù ju kí wọ́n gbé ìkòkò kaná lọ? Àwọn ará Japan máa ń pa òwe náà nígbà tí nǹkan rere bá wọlé tọ èèyàn wá láìwá a, wọ́n sì tún máa ń fi bá ẹni tó rọrùn láti rẹ́ jẹ wí. Inú òwe yìí gan-an ni wọ́n ti yọ Farfetch'd, ẹyẹ kan lára àwọn ẹ̀dá inú géèmù Pokémon, tí àwọn èèyàn ń mú tí wọ́n sì ń fi jà. Kamonegi ni orúkọ rẹ̀ lédè Japan: kamo ni pẹ́pẹ́yẹ, negi ni àlùbọ́sà eléwé.

Láti inú géèmù Pokémon àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní Japan lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1996, ni ẹyẹ yìí ti wà, nọ́ńbà 83 sì ni tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dàgbà, wọ́n ń para dà di alágbára, òun wà lójú kan náà pẹ̀lú igi àlùbọ́sà lábẹ́ apá. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Pokémon Sword àti Pokémon Shield jáde fún Nintendo Switch lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni nǹkan tó yí padà. Ilẹ̀ Galar ni ìtàn géèmù méjèèjì ti wáyé, ilẹ̀ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìlú tó yí i ká ṣe àwòkọ́ṣe. Àlùbọ́sà ibẹ̀ nípọn, ó gùn, ẹyẹ tó ń gbé e sì di jagunjagun. Tí ó bá wá jagun dé ojú àmì, ó di Sirfetch'd, nọ́ńbà 865: ẹyẹ funfun tó fi igi àlùbọ́sà ṣe ọ̀kọ̀, tó fi ewé rẹ̀ ṣe asà, bíi àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́.

Mo fẹ́ràn ẹyẹ yìí gan-an, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló mú un tán tó sú wọn nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ tó, kò para dà. Bó ti wù kí ipele rẹ̀ ga tó, ipele kọ́ ni yóò yí i padà. Òkúta idán kankan kò sì ràn án. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí ó lu critical hit mẹ́ta nínú ìjà kan ṣoṣo.

Ohun tí critical hit jẹ́

Nínú ìjà Pokémon, ìlù kan lè ṣàdédé bọ́ sí ibi tó ń dun ọ̀tá jù. Òun ni géèmù ń pè ní critical hit. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ ti ìlù lásán, géèmù á sì kọ ọ́ jáde lójú ìran kí ẹ lè mọ̀. Fún Pokémon tí kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìlù 24 ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wo bí yóò ti le tó láti rí mẹ́ta nínú ìjà kan, nígbà tí ọ̀tá fúnra rẹ̀ lè má gba ju ìlù mẹ́rin lọ kó tó ṣubú.

Ibi tí èmi náà ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyẹn. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń jà láìfún ẹyẹ mi ní nǹkan kan. Mo rí méjì nínú ìjà kan, ọ̀tá ṣubú. Mo rí ẹyọ kan nínú ìjà tó tẹ̀ lé e, mo sì ń retí pé mẹ́ta ti pé. Kò pé. Bí ìjà kan bá ti parí, géèmù á pa gbogbo ohun tó ti kà rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ẹ kọ́kọ́ mú ẹyẹ náà

Nínú géèmù méjèèjì yìí, inú Sword nìkan ni Farfetch'd ti Galar ń gbé. Ẹni tó bá ní Shield ní láti bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀. Bí Sword bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gba Route 5, ọ̀nà tó so ìlú Turffield pọ̀ mọ́ Hulbury, níbi tí ilé ìtọ́jú ẹyin Pokémon wà. Ẹ má retí láti rí i kó máa rìn káàkiri lójú gbangba bí àwọn yòókù. Inú koríko gíga ló ń sápamọ́ sí. Níbi tí koríko bá ti ń mì tí àmì ìyanu bá yọ lórí rẹ̀, ẹ sáré wọ ibẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe é títí òun ni yóò fi jáde. Bí ẹ bá ti gba báàjì lọ́wọ́ Milo, ọ̀gá ìjà ìlú Turffield, tẹ́lẹ̀, ipele rẹ̀ kò ní dí yín lọ́wọ́ láti mú un.

Ẹ tún mọ̀ pé ti Kanto, ilẹ̀ inú géèmù àkọ́kọ́, ìyẹn Farfetch'd àtijọ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó lè fò, kì í di Sirfetch'd láéláé. Ti Galar ni ká wá: awọ rẹ̀ dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, irun ojú rẹ̀ nípọn, igi àlùbọ́sà rẹ̀ sì gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yà Fighting (oníjà) ni, kò ní ẹ̀yà Flying (afòfúrufú) bíi ti Kanto.

Ẹ wá Leek fún un

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má kánjú kọjá rẹ̀. Leek ni ohun èlò tí Farfetch'd ń dì mú. Ó ń ti àǹfààní critical hit sókè ní àtẹ̀gùn méjì, ìyẹn ni pé láti ẹ̀ẹ̀kan nínú 24 ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì. Farfetch'd àti Sirfetch'd nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá fún Pokémon mìíràn, igi lásán ni.

Àwọn Farfetch'd inú koríko náà ni ẹ ó ti rí i gbà, nítorí pé nínú 100 wọn, bíi 5 ló ń gbé Leek. Ó kéré lóòótọ́. Ọgbọ́n kan wà tó ń mú un pọ̀ sí i: ẹ fi Butterfree tó ní ẹ̀bùn Compound Eyes ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ yín. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níwájú, 5 yẹn á di 20. Ẹ máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa yẹ ohun tí wọ́n dì mú wò lẹ́yìn tí ẹ bá mú wọn tán.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó jọ ọ́ lórúkọ. Large Leek tí ẹ ń rí nínú àpò, èlò ọbẹ̀ curry ni. Kò sí bí Farfetch'd ṣe lè fi jà.

Ẹ fi Dire Hit kún un

Leek nìkan lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìlù mẹ́fà ni ẹ ó máa retí kí ẹ tó rí mẹ́ta, ìgbà mìíràn sì wà tí yóò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó dájú, ẹ ra Dire Hit sínú àpò. Ó wà lára àwọn ohun èlò ìjà tí wọ́n ń tà. Ẹ lò ó fún Farfetch'd nígbà tó bá kan yín láti ṣe nǹkan nínú ìjà. Leek pẹ̀lú Dire Hit gbé àǹfààní náà kọjá àtẹ̀gùn kẹta, láti ibẹ̀ lọ sókè, gbogbo ìlù tó bá bá ọ̀tá ni critical hit. Ìlù mẹ́ta péré, ó parí.

Ẹ má wá yọ ọ́ kúrò lójú ìjà lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó. Bó bá ti wọlé tí òmíràn jáde, agbára Dire Hit ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí ẹ ó bá jà

Ó yẹ kí ọ̀tá náà lè gba ìlù mẹ́ta láìṣubú. Onix inú Wild Area, pápá ńlá tí àwọn Pokémon ń rìn káàkiri ní Galar, ni mo fọwọ́ sí jù. Òkúta ni, ara rẹ̀ le gidi, òkúta tó bá sì sọ luni kì í dun ẹ̀yà Fighting púpọ̀. Ìlù tí ẹ ó lò ni Peck, èyí tí ẹyẹ náà ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ ìlù aláìlágbára, Onix kò sì kà á sí. Ẹ má lo Rock Smash tàbí Brick Break fún un o. Àwọn yẹn ni Onix ń bẹ̀rù, bóyá ìlù kan ni yóò fi lọ, ẹ ó sì tún wá òmíràn lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ bá trainer, ìyẹn èèyàn tó ń fi Pokémon jà, tó kó Pokémon mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dání jà. Bí ẹyẹ yín tiẹ̀ fi ìlù kọ̀ọ̀kan pa wọ́n, ìjà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, iye critical hit náà á máa ròkè títí yóò fi pé mẹ́ta.

Àwọn Pokémon kan wà tí critical hit kì í ràn rárá: àwọn tó bá ní ẹ̀bùn Shell Armor tàbí Battle Armor. Chewtle, ìjàpá kékeré tó pọ̀ ní Galar, lè ní Shell Armor. Ẹ lè lù ú títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ẹ sì sá fún àwọn oníyẹ̀ẹ́ Flying, àwọn Psychic àti Fairy, nítorí àwọn ni wọ́n lè gbé Farfetch'd ṣánlẹ̀ kó tó ṣe nǹkan.

Nígbà tí mẹ́ta bá ti pé, ẹ parí ìjà náà. Ìran ìparadà á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìjà. Kí ọwọ́ yín má kan bọ́tìnì B lásìkò yẹn, òun ni wọ́n fi ń dá a dúró. Àwọn tó wo eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ á rántí pé ojú ìjà ni Farfetch'd ti Ash, akọni eré náà, ti para dà, nígbà tó ń bá Gallade, Pokémon ti Rinto, jà. Ìgbàkigbà tí mo bá rí i nínú géèmù tèmi, ìgbà yẹn ni mo máa ń rántí.

Bó bá jẹ́ Pokémon GO lẹ ń ṣe

Orí fóònù, ètò rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kó candy 50 ti Farfetch'd jọ, ẹ fi ti Galar ṣe buddy yín, ìyẹn ẹni tó ń bá yín rìn nínú géèmù, kí ẹ wá ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí géèmù á pè ní Excellent. Èyí tí ẹ bá jù kí ó tó di buddy kò sí nínú ìṣirò. Excellent ni kí bọ́ọ̀lù bọ́ sínú òrùka aláwọ̀ nígbà tó bá ti súnkì kékeré. Ẹ wá àwọn Pokémon tó sanra tó sì súnmọ́ yín, nítorí òrùka wọn fẹ̀. Ẹ di bọ́ọ̀lù mú títí òrùka fi kéré, ẹ fi í sílẹ̀ láìjù, ẹ dúró kí Pokémon náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Bó bá ti ń parí ìyẹn ni kí ẹ ju tiyín. Èso Nanab Berry á mú kó dẹ́kun fífò sókè sódò.

Lẹ́yìn tó ti di Sirfetch'd

Agbára ìjà ara rẹ̀ á kúrò ní 95 di 135. Ara rẹ̀ á wúwo láti kílò 42 dé 117, bẹ́ẹ̀ gíga rẹ̀ kò yí padà. Ẹ lọ bá ọkùnrin tó wà níbi tábìlì apá òsì nínú Pokémon Center, kó rán ẹyẹ yín létí First Impression, ìlù tó ń ṣáájú tẹni gbogbo ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ojú ìjà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nípele 70 ló máa ń kọ́ Meteor Assault, ìlù tirẹ̀ gan-an, agbára 150, tí yóò mú un sinmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó bá lò ó.

Ìwé àkọsílẹ̀ inú géèmù sọ pé ọjọ́ tí àlùbọ́sà Sirfetch'd bá rọ ni yóò fẹ̀yìn tì lójú ogun. Leek tí ẹ fi wá a, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá dé ipele 55, yóò kọ́ Leaf Blade, ìlù tí critical hit rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan. Méjì ti Leek pẹ̀lú ẹyọ kan yẹn jẹ́ mẹ́ta, kò sì ní nílò Dire Hit mọ́.