Bí A Ṣe Ń Dín Chicken 65, Adìyẹ Aláta Ìlú Chennai, Nínú Ilé

Ní Chennai, ìlú ńlá gúúsù Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Madras títí di 1996, Chicken 65 ni wọ́n fi ń panu kí oúnjẹ gan-an tó dé: adìyẹ tí wọ́n gé kéékèèké, tó pupa fòò, tó ń ta lẹ́nu, tí ewé díndín bò lórí. Ilé oúnjẹ Buhari ní Mount Road ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965, lọ́wọ́ A. M. Buhari tó dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀. (Kò bá Buhari tiwa tan o.) Àwọn kan ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwé oúnjẹ ni 65, àwọn mìíràn ní iye ata inú rẹ̀ ni. Èmi fara mọ́ ti ọdún, nítorí ilé oúnjẹ kan náà tún gbé Chicken 78, 82 àti 90 jáde.

Adìyẹ tó yẹ

Bọ́ílà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló dára jù. Adìyẹ ẹlẹ́yin tó ti gbó dùn lóbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́fà nínú òróró kò lè mú un rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ, èyí tí ẹ pa láàárọ̀, ẹ má dín in lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kó sun fíríìjì mọ́jú, nítorí ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń le gan. Ẹran itan ni kí ẹ mú, kì í gbẹ bíi ti àyà. Ẹ yọ eegun rẹ̀, ẹ gé e ní ìwọ̀n ẹyọ awùsá kan, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ títí á fi gbẹ. Omi ni ọ̀tá oúnjẹ yìí.

Ata àti rírẹ ẹran

Ata Kashmir ni wọ́n ń lò, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju títa rẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ tàtàsé gbígbẹ ṣíbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ ṣọ̀mbọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan. Ẹ má da àwọ̀ àtọwọ́dá sí i bí àwọn ilé oúnjẹ kan ti ń ṣe. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Karnataka, tó bá Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí Chennai wà, pààlà, fòfin dè é nínú kebab adìyẹ àti ẹja.

Fún ìlàjì kílò ẹran: ṣíbí ìjẹun kan ata ilẹ̀ àti aáyù tí a gún pọ̀, ṣíbí tíì méjì ata pupa tí a sọ lókè yìí, ìlàjì ṣíbí tíì ata ilẹ̀ pupa, ìlàjì ata dúdú, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan, yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ fi pa á lára, ẹ gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán. Ìgbà tí òróró bá ti wà lórí iná ni kí ẹ tó fi funfun ẹyin kan sí i, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ìrẹsì àti kọ́ọ̀nfiláwà ní ṣíbí ìjẹun méjì méjì. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ló ń mú un dún kàràkàrà lẹ́nu.

Dídín

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, àlejò ti jókòó, mo bá da gbogbo ẹran sínú agbada lẹ́ẹ̀kan. Òróró tó ń pariwo dákẹ́ lójijì. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi, ìyẹ̀fun ń ṣí kúrò lára rẹ̀, òróró dà bí ẹ̀kọ. Adìyẹ bíbọ̀ nínú òróró ni mo gbé fún wọn.

Nítorí náà, mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kí ẹ máa fi sí i, kí wọ́n má kanra. Òróró tó gbóná tó 170 sí 175 dígírí Celsius ni ẹ fẹ́. Bí kò bá sí ohun tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ẹ kán ìyẹ̀fun rẹ̀ díẹ̀ sí i: bó bá rì, tó sì léfòó kíá pẹ̀lú ìfófòó, ó yá. Ẹ dín in fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ kó o sórí asẹ́, má ṣe sínú abọ́. Ẹ là ọ̀kan wò, inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pupa (74 dígírí ni ààbò). Lẹ́yìn náà ẹ fi iná kún un, ẹ dá ẹran padà fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí òróró bá gbaná, ẹ pa iná, ẹ fi ìdérí dé e. Ẹ má bu omi sí i láé.

Ewé rẹ̀

Ewé kọ́rì Íńdíà ni, kì í ṣe kọ́rì inú agolo, kì í sì í ṣe ewé tó ń ta sánsán bí ẹ̀fìnrín tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa. Ẹ̀yin ará London á rí i ní East Ham àti Tooting. Ẹ da òróró ṣíbí kan sí páànù, ẹ fi ìlàjì ṣíbí tíì hóró mústáàdì sí i. Tó bá ń ta pàrà, ẹ fi aáyù gígé, ata gbígbẹ mẹ́ta, ata tútù méjì tí ẹ là sí méjì, àti ogún ewé tó gbẹ dáadáa. Ẹ fà sẹ́yìn, ewé náà máa ta! Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á dán bí ewé oníke, òórùn rẹ̀ á gba ilé. Ẹ da ẹran sí i, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ̀ ọ́.

Àlùbọ́sà tútù àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o sí fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì, inú páànù gbígbẹ ni kí ẹ ti yan án.