Bí Mo Ṣe Mú Kí Iyọ̀ Jó Níbi Ìpàtẹ Sáyẹ́ǹsì

SS2 ni mo wà. Nígbà tí tíṣà físíìsì wa, tó ń pín iṣẹ́ tí a máa ṣe fún ìpàtẹ, fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn ẹgbẹ́ mi ti gba òkè oníná àti asẹ́ omi mọ́ mi lọ́wọ́. Ìró ló ṣẹ́ kù. Ìró! Ta ló máa rí i?

Mo gé ìdí abọ́ ike kan kúrò. Mo gé ọrùn fèrè onírọ́bà ńlá tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí kó lè wú, mo fà á bo ẹnu abọ́ náà títí tó fi le bí awọ ìlù, mo wá fi rọ́bà dì í pinpin. Sípíkà kékeré oníbátìrì ló wà nísàlẹ̀. Fóònù bùrọ̀dá mi ló ń rán ìró sí i.

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Àsìkò òjò ni, ó ti fa omi, ó kàn lẹ̀ mọ́ ojú fèrè ni. Mo dà á sínú ìkòkò, mo ń yan án bí ẹní ń yan gààrí. Mọ́mì yọjú: “Ìwọ ọmọ yìí, iyọ̀ lo wá ń dín?”

Nígbà tó gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ láti 50 hertz, ìyẹn ni pé kí nǹkan gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò mira. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 140, iyọ̀ ta kìjí, gbogbo rẹ̀ sá kúrò láàárín lọ sí etí abọ́. Mo ń gbé e sókè lọ. Bó ṣe lé ní 300, iyọ̀ tò yí ká láàárín, ó rí roboto bí òrùka. Ibi tí awọ kò ti gbọ̀n ló ń sá lọ. Ará Jámánì kan, Ernst Chladni, ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ní 1787: ọrun gòjé ló fi ń ha etí irin pẹlẹbẹ tó da iyanrìn lé.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, wọ́n gbé tábìlì mi sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. N kò tíì fọwọ́ kan fóònù, iyọ̀ ti ń gbọ̀n! Mo yáa kó ẹrù mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Adájọ́ kan dé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣebí atẹ́gùn inú sípíkà yìí ló ń fẹ́ ẹ?”

“Rárá, sà.” Mo yọ sípíkà kúrò, mo pe ọmọ kan nínú àwọn onílù iléèwé wa pé kó kọjú gángan rẹ̀ sí ìdí abọ́. Ó fi kọ̀ǹgọ́ lù ú ní ohùn ìsàlẹ̀. Iyọ̀ kò mira. Ó fi apá fún okùn ẹ̀gbẹ́ ìlù díẹ̀, ó tún lù ú, díẹ̀ sí i, ó tún lù ú. Lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ fò sókè! Ó tún fún un sí i, iyọ̀ sùn padà. Ohùn kan ṣoṣo yẹn ló bá ti awọ abọ́ mu.

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyọ̀. “Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó tó. Lù ú!”

Ipò kejì ni mo gbà. Òkè oníná ló ṣe ipò kìíní, ẹ ṣáà mọ̀ pé èéfín dùn ún wò. Mo gbé iyọ̀ tó kù padà sílé, mọ́mì ní òun kò ní fi iyọ̀ tó ti jó kiri iléèwé se ọbẹ̀.