Bí mo ṣe kan ọkọ̀ kékeré tí atẹ́gùn ń tì rìn lórí ọ̀sà, tó sì tún ń wọ abẹ́ omi

Láti ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ọdún yẹn ni mo rí fídíò tí ọkọ̀ Saildrone kan yà láàárín ìjì Hurricane Sam lórí òkun Atlantic, ọkọ̀ tí ò léèyàn nínú, afẹ́fẹ́ ló ń tì í rìn, ìgbì tó ga tó mítà 15 ń gbé e sókè ó ń jù ú sílẹ̀, mo ń wò ó mo ń sọ lọ́kàn mi pé ká ní ọkọ̀ yìí lè rì fúnra ẹ̀ kó lọ fara pamọ́ sísàlẹ̀ títí ìjì á fi kọjá ńkọ́? Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé àwọn kan ti ń ṣe é lóòótọ́, Ocean Aero tó wà ní Gulfport, Mississippi, l'Amẹ́ríkà. Triton lorúkọ ọkọ̀ tiwọn, ìgbòkun ẹ̀ le bí apá ẹyẹ, ó máa ń ká wálẹ̀ sórí ọkọ̀ kó tó wọmi, tó bá sì dé abẹ́ omi tí atẹ́gùn ò sí mọ́, bátìrì tí oòrùn ti chárjì ló ń lò.

Èmi náà ní màá ṣe kékeré tèmi. AC àti fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Bàrígà, n ò kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn níbì kankan, àmọ́ mo mọ páìpù, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dí ibi tó ń jò, ọ̀sà ò sì jìnnà sílé wa.

Páìpù PVC oní-ínṣì 4 ni mo fi ṣe ara ọkọ̀, gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà kan àti sẹ́ǹtímítà 20. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, omi tí páìpù yẹn máa gbapò ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 11 àbọ̀, ìyẹn ni pé tí gbogbo ẹrù ẹ̀ bá ti ju kílò 11 àbọ̀ lọ ó máa rì, tí ò bá tó bẹ́ẹ̀ á léfòó. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọkọ̀ tó ń rìn lójú omi gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju omi lọ dáadáa kí ìgbì má baà bò ó, èyí tó fẹ́ wà lábẹ́ omi sì gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà pẹ̀lú omi, kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ lé, kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ dín. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa ṣe méjèèjì o. Gbogbo ohun tí mo ṣe láti oṣù kìíní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé.

Mo ra àpò ìtọ̀ tí wọ́n ń lò lọ́sibítù ní kẹ́míìsì, mo tẹ́ ẹ sínú páìpù, òun ló máa gba omi bí 600 mílílítà wọlé tá a bá fẹ́ rì. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń wọ́n omi sí gíláàsì iwájú mọ́tò ni mo kọ́kọ́ lò, Ládípọ̀ ni mo ti rà á, kò ṣiṣẹ́ fún èyí rárá, torí bó bá ti dúró báyìí omi á máa gba inú ẹ̀ padà. Mo wá ra èyí tó ń fi rólà tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, ó ń fà wọlé ó ń tì jáde, tó bá sì dúró, omi dúró nìyẹn. Kì í yára ṣá, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi ń kún àpò yẹn, mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ìgbòkun ló fojú mi rí nǹkan. Mo ti rí ti Triton, mo wá gé fóòmù ṣe irú ẹ̀, 80 sẹ́ǹtímítà ní gíga, 25 ní fífẹ̀, mo lẹ páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ ike mọ́ ọn lára, ó rẹwà gan-an ni. Mo gbé e lọ sétí ọ̀sà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rìn dáadáa, mo ká ìgbòkun wálẹ̀, mo ní kó rì, pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́, ara ọkọ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kan ìgbòkun báyìí ló dúró, kò lọ mọ́, ọkọ̀ wá dojú dé. Bàbá kan tó jẹ́ Ìlàjẹ, apẹja ni wọ́n, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo kì sínú ìgbòkun yìí?" Mo ní fóòmù ni bàbá. Wọ́n ní, "Tiwa tó o ń wò yìí, àpò ìrẹsì la fi rán an. Tó bá ṣubú sómi, omi á gba inú ẹ̀ kọjá, a ó sì fà á jáde. Tìẹ yìí, ò ń bá omi jà."

Mo délé mo ṣírò ẹ̀. Fóòmù yẹn nìkan gbapò omi tó lé ní lítà mẹ́ta, ó ń fa ọkọ̀ sókè pẹ̀lú agbára kílò mẹ́ta, èmi ń fi omi tí ò tó kílò kan fà á sísàlẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ rì? Mo da fóòmù nù. Mo rán aṣọ agbòjò àtijọ́ mọ́ òpó alumíníọ̀mù, mo sì lu ihò sí òpó yẹn lókè àti nísàlẹ̀ torí páìpù tá a bá dí lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, fóòmù míì nìyẹn. Servo kan, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí débi tá a bá ní kó yí dé, ń yí òpó kó lè ká aṣọ mọ́ra, ìkejì ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Òjé àwọ̀n kílò mẹ́ta ni mo so sábẹ́ ẹ̀, ó fi 40 sẹ́ǹtímítà jìnnà sí ìdí ọkọ̀, torí páìpù róbótó á máa yí lójú omi bí ìtì igi ni tí ò bá sí nǹkan tó wúwo tó ń fà á nísàlẹ̀.

Kí n tó gbé e jáde, mo ri í mọ́lẹ̀ sínú táńkì omi ńlá kan lẹ́yìnkùlé wa di ọjọ́ kejì, tíṣù gbígbẹ ni mo kì sí gbogbo igun inú ẹ̀. Ibi tí tíṣù bá ti tutù, ibẹ̀ ló ń jò. Ibi tí irin servo ti yọ síta ló tutù, o-ring méjì, ìyẹn rọ́bà róbótó tó ń dí ibi tó ń jò, àti gíríìsì ló yanjú ẹ̀. Táńkì yẹn náà ni mo ti rí i pé rìmóòtù 2.4 GHz ò wúlò nísàlẹ̀, bí eriali bá ti wọmi báyìí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, omi oníyọ̀ tún wá burú jù. Mo kọ ọ́ sínú Arduino ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ọkọ̀ náà, pé tó bá ti rì, kó ka ìṣẹ́jú méjì, kó da omi nù fúnra ẹ̀. Mo tún so okùn ìwọ̀ mọ́ ọn.

Oṣù kejì la padà lọ, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí atẹ́gùn òkun ti ń wọlé dáadáa. Ó kọ̀, kò rì! Àpò kún, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì ń yọ lójú omi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé omi bóhòlù ló wà nínú táńkì wa, ọ̀sà ní tiẹ̀ ti ń gba omi òkun torí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Lítà omi dídùn kan jẹ́ kílò kan, ti òkun lé e ní gíráàmù 25, ọ̀sà wà láàárín méjèèjì. Mo yá òjé bíi 200 gíráàmù lọ́wọ́ bàbá, mo so ó mọ́ ọn.

Ó lọ. Aṣọ ká, òpó tẹ̀, omi bò ó, n ò rí nǹkan kan mọ́ àfi okùn tó ń fà lọ lọ́wọ́ mi, ìṣẹ́jú méjì yẹn gùn lójú mi o. Ìgbà tó yọ, omi ti gbé e kúrò níbi tó ti rì, ìgbòkun gòkè dé ìdajì ó há, mo tún tẹ rìmóòtù, ó gòkè tán, atẹ́gùn gbá a mú, ó tún ń rìn. Bàbá dìde dúró láti wò ó.

Ohun tó kù ni pé kò rìn síwájú nísàlẹ̀, ó kàn ń rì ó ń yọ ni. Àwọn Slocum glider, ìyẹn ọkọ̀ abẹ́ omi tí ò léèyàn nínú, máa ń fi apá wọn sọ rírì di ìrìn, ọ̀kan nínú wọn, RU27, fi ọjọ́ 221 gba Atlantic kọjá láti New Jersey dé Sípéènì lọ́dún 2009. Mo ti gé apá méjì sílẹ̀ láti ara páìpù tó ṣẹ́kù. Tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, màá yọ òjé bàbá yẹn kúrò, torí omi ọ̀sà á ti dùn nígbà yẹn.